Ẹ Má Wọ́gi Lé Ẹjọ́ Ogún, Ẹ Gbé E Lọ Síbi Tó Yẹ

Akọ̀wé kóòtù ti pe ẹjọ́ tó kàn kí màmá náà tó dìde tán. Ó yíjú sí lọ́yà rẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n ti dá a fún wa?"

Lọ́yà ń ti ìwé bọ inú báàgì. "Rárá, Mà. Wọ́n wọ́gi lé e ni. Wọ́n ní kóòtù yìí ò lágbára láti gbọ́ ọ."

Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Fáìlì ẹjọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì akọ̀wé níbẹ̀, wọ́n fi okùn dì í, ó sì ti nípọn tó búrẹ́dì Agége. Ó nàka sí i. "Kóòtù wo ló wá lágbára?"

"Kóòtù gíga ni, Mà."

"Ṣé èyí tó wà lẹ́yìn ọjà yìí náà?"

"Òun ni, Mà."

"Kí ló wá dé tí wọn ò kúkú gbé fáìlì yẹn lọ síbẹ̀?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí àgbà fi ń dá ọmọdé lóhùn. Ẹ̀yìn wọn ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, ẹjọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ni mo bá wá, díẹ̀ ló sì kù kí èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ òfin tí wọ́n sọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbéèrè màmá nìkan ló mú ọgbọ́n dání.

Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyí. Ọkọ rẹ̀ kú láìṣe wíìlì. Ó fi ilé alájà kan sílẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta lójú títì. Àkọ́bí ìyáálé ló ń gba owó ilé, kò sì jẹ́ kí ọmọ ìyàwó kejì fojú kàn án. Màmá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́n jù ú lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá fi àṣà gbéyàwó, tó sì kú láìṣe wíìlì, kóòtù ìbílẹ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ ogún rẹ̀. Wọn ò purọ́. Láti ayé òfin kóòtù ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní 1957 ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà lábẹ́ wọn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rántí wí fún un ni pé baba náà ti gba sátífíkéètì ìjọba sórí ilẹ̀ rẹ̀, àti pé abala 39 nínú òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kóòtù gíga nìkan ni kó máa gbọ́ ẹjọ́ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Màmá béèrè, ó sì ṣìnà. Ọdún mẹ́rin ti lọ kí lọ́yà ọmọ ìyáálé tó yọ ọ̀rọ̀ sátífíkéètì síta. Òfin sì gbà á láyè, torí ìgbàkígbà ni èèyàn lè gbé ọ̀rọ̀ agbára ìgbẹ́jọ́ dìde, kódà ìgbà tí ẹjọ́ bá ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ.

Bí ẹ bá bi àwọn amòfin wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò ní ohun tí kóòtù náà ṣe dára, kò sì sí òmíràn tó lè ṣe. Wọn yóò na ìka sí ẹjọ́ Madukolu àti Nkemdilim ti 1962, níbi tí Adájọ́ Bairamian ti to nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: kí iye àwọn adájọ́ pé kí wọ́n sì kájú òṣùwọ̀n, kí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ jẹ́ èyí tí òfin fi sábẹ́ kóòtù náà, kí ẹjọ́ sì gba ọ̀nà tó tọ́ wọlé. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, asán ni gbogbo ẹjọ́ náà, ì báà ti dára tó. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò mú Lord Denning wá, ẹni tó sọ nínú ẹjọ́ Macfoy àti UAC, ẹjọ́ tó ti Sierra Leone dé London ní 1961, pé èèyàn ò lè gbé nǹkan ka orí òfìfo kó retí pé yóò dúró. N kò rí adájọ́ Nàìjíríà kan tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti lò ó débi pé ó ti gbó.

N kò bá Bairamian jà, n kò sì bá Denning jà. Àwọn tó fò láti ibẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò rán wọn ni mo ń bá jà. Madukolu ní ìdájọ́ kóòtù tí kò lágbára kò ní ìtumọ̀. A gbà. Ṣé màmá ní kí wọ́n dá ẹjọ́ òun ni? Ó ní kí wọ́n gbé fáìlì òun lọ bá ẹni tó lè dá a ni. Láàárín "mi ò lè dá ẹjọ́ yìí" àti "ẹ kó ìwé yín máa lọ sílé," àyè wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà kọjá. Àwọn amòfin wa kàn sọ pé àwọn ò rí i.

Wọn yóò ní ẹni tí kò lágbára kò lágbára náà ni, kóòtù tí kò lè gbọ́ ẹjọ́ kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ó dára. Ta wá ló fún un lágbára láti wọ́gi lé e? Ta ló fún un lágbára láti ní kí màmá san owó ìtanràn fún ẹni tó pè lẹ́jọ́? Wọ́n bu owó lé e lọ́jọ́ náà, etí mi gbọ́ ọ. Kóòtù tó jẹ́ òfìfo bu owó, owó náà sì dúró! Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé wíìgì rí mọ ìdáhùn: gbogbo kóòtù ló ní agbára kékeré kan, ti pé kó yẹ ara rẹ̀ wò bóyá òun lágbára. Inú agbára kékeré yẹn ló ti ń rí ọwọ́ wọ́gi lé ẹjọ́. Ọwọ́ tó wọ́gi, ṣé kò lè fa fáìlì léni lọ́wọ́ ni?

Kí òyìnbó tó dé, a kì í ṣe báyìí. Bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú olórí ẹbí tó sì ju tirẹ̀ lọ, kì í lé ẹni tó mú ẹjọ́ wá. Yóò ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ju tèmi lọ, ẹ jẹ́ ká lọ bá Baálẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣáájú, tàbí kó rán ẹnì kan tẹ̀ lé wọn, onítọ̀hún ni yóò sì rò ó fún Baálẹ̀ pé báyìí báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹjọ́ náà kì í padà di ọ̀tun. Bí Baálẹ̀ ò bá ká a, ó di ààfin. Kò sí ẹni tó ń gba owó ìwọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé mo ń fi àṣà dojú òfin dé, òfin ìwé gan-an ti gba ohun tí mo ń sọ. Abala 22 nínú òfin tó gbé Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ kalẹ̀ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ wọ́gi lé ẹjọ́ kankan kìkì nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n gbé e wá dípò kóòtù gíga ìpínlẹ̀. Adájọ́ lè gbé e ránṣẹ́ síbi tó tọ́. Abala 24 nínú òfin 2006 tó wà fún ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ aáwọ̀ òṣìṣẹ́ sọ ohun kan náà. Ẹ wò ó: ẹni tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ṣìnà, òfin fọ̀nà hàn án. Ilé iṣẹ́ ńlá tó ń jà lórí ẹrù ọkọ̀ ojú omi ṣìnà, òfin fọ̀nà hàn án. Opó tó ń wá ìpín ọmọ rẹ̀ ṣìnà, wọ́n ní kó tún ìwé rà. Mo mọ̀ pé òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣí àyè díẹ̀ fún gbígbé ẹjọ́ láti kóòtù kékeré lọ sí ńlá. Inú "lè" ni àyè náà sábà máa ń wà, adájọ́ lè ṣe é bó bá wù ú, kì í sì í sábà wù ú.

Wọn yóò tún ní lọ́yà ló jẹ̀bi, ó yẹ kó mọ kóòtù tó yẹ kó gbé ẹjọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń bí mi nínú jù. Ṣé àwọn tó wà lókè gan-an mọ̀ ọ́n? Ní 1997, nínú ẹjọ́ Oyeniran àti Egbetola, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kóòtù gíga ìpínlẹ̀ kò lágbára láti kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ oko tó wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀ ló ni ín. Àwọn ẹbí kó ìwé wọn lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Ní 2000, nínú ẹjọ́ Adisa àti Oyinwola, ilé ẹjọ́ kan náà yí ọ̀rọ̀ padà, ó ní kóòtù gíga náà lè gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́ta péré! Ẹni tí wọ́n wọ́gi lé ẹjọ́ rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, kí ló ṣẹ̀? Àwọn adájọ́ tí òfin ti hu ewú sí lórí ò fẹnu kò lórí ilẹ̀kùn tó yẹ ní kíkàn, obìnrin tó ń ta èlùbọ́ ni yóò wá jìyà pé ó kan èyí tí kò yẹ. Bí aṣìṣe bá wà nínú àtẹ̀gùn ilé, ẹ má na ẹni tó ṣubú.

Ogún tún lọ́jú pọ̀ ju ẹjọ́ mìíràn lọ, torí kóòtù kan kì í sábà ká gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú baba kan tó kú n'Íbàdàn. Ilé rẹ̀ tó ní sátífíkéètì, kóòtù gíga ló ni ín. Oko kòkó rẹ̀ ní abúlé, kóòtù ìbílẹ̀ lè gbọ́ ọ. Bó bá ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan tí àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ sí, àfàìmọ̀ kí lọ́yà wọn má sọ pé ọ̀rọ̀ òfin ilé iṣẹ́ nìyẹn, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni kí wọ́n lọ, ìwé òfin ilẹ̀ wa, abala 251, sì wà níbẹ̀ láti gbè é lẹ́sẹ̀. Òkú kan, ẹbí kan, ẹ̀rí kan, kóòtù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ṣìnà níbẹ̀, oríire ló ṣe.

"Ẹ jọ̀ọ́, wíwọ́gi lé ẹjọ́ kì í ṣe ikú," lọ́yà kan sọ fún mi nígbà tí mo ń rojọ́ yìí. "Yóò tún un gbé wá ni." Ó tọ̀nà lójú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó lówó láti tún un gbé wá. Ilé iṣẹ́ Migfo pe ilé iṣẹ́ Sifax lẹ́jọ́ ní 2006 ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ lórí àjọṣe tó dá lé èbúté Tin Can Island. Ó di 2012 kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó ní kóòtù yẹn kò lágbára, wọ́n wọ́gi lé e, bí abala 22 tilẹ̀ wà nílẹ̀. Wọ́n tún gbé e lọ sí kóòtù gíga Èkó. Ẹ̀gbẹ́ kejì dìde, wọ́n ní ọdún mẹ́fà tí òfin fún wọn láti pẹjọ́ ti kọjá. Àríyànjiyàn orí ìyẹn nìkan gun òkè lọ títí di 2018, kí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó pàṣẹ pé àkókò tí ẹjọ́ fi wà ní kóòtù tí kò tọ́ kò sí nínú kíkà. Ìdájọ́ rere ni, mo kí wọn. Ẹ jẹ́ ká ka ọdún ná: mẹ́fà lẹ́nu ọ̀nà tí kò yẹ, mẹ́fà mìíràn lórí bóyá wọ́n lè wọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ. Ọdún méjìlá, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tó jẹ gbèsè. Ilé iṣẹ́ nìyẹn, wọn kì í darúgbó. Ìyá ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ńkọ́?

Ohun tí wọ́n ń jà lé ní èbúté kò sì ní sá lọ. Ogún kì í dúró. Ẹni tó bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní ọ́fíìsì próbéètì, níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ogún, yóò mọ ohun tí mo ń wí. Bí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀, ó máa ń sábà ní àṣẹ kékeré kan tó tẹ̀ lé e: kí ẹnikẹ́ni má ta ilé, kí owó ilé máa lọ sọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù. Ọjọ́ tí wọ́n bá wọ́gi lé ẹjọ́ ni àṣẹ náà bá a lọ. Káfíàtì tí opó fi síbẹ̀ láti dínà ìwé àṣẹ náà, oṣù mẹ́ta ni ẹ̀mí rẹ̀, bí kò bá sì sí ẹni tó rán an létí, ó ti kú. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò sùn ní tiwọn. Wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù, wọ́n ti wá onídùúró méjì, wọ́n ti fi orúkọ òkú sínú ìwé ìròyìn tí opó kì í kà. Kí màmá tó rówó fún lọ́yà tuntun, kó tó sanwó ìwọlé tuntun, kó tó wá ẹni tó máa tẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ tuntun, ọmọ ìyáálé ti di alábòójútó ogún lábẹ́ òfin, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹjọ́ lọ tààrà, tí òfin sì ní kí gbogbo àṣẹ tó wà lórí rẹ̀ ṣì wà títí adájọ́ tuntun yóò fi wò ó, kò sí ojú ihò tí yóò gbà sá.

Àwọn ẹlẹ́rìí ńkọ́? Ẹjọ́ ogún ìbílẹ̀, ẹnu àgbà ló wà. Ẹ rántí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní Èkó, lórí ogún ọkùnrin kan tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé ìdí-igi ni, tí ìyàwó kọ̀ọ̀kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń gba ìpín kan, tàbí orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń gba tirẹ̀? Adájọ́ Jibowu ní orí-ò-jorí. Ní 1958 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nígbà náà ní ìdí-igi ni. Ó di 1962 kí àwọn àgbà adájọ́ ní London tó fọwọ́ sí ti ìdí-igi. Ilẹ̀kùn tó tọ́ ni àwọn wọ̀nyí gbà wọlé o! Ẹ wá fi ọdún mẹ́rin ìṣìnà kún un. Ẹni tó mọ ohun tí baba sọ lórí àìsàn, ẹni tó mọ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ tán àti èyí tí wọ́n fẹ́ kù, kò ní dúró de ìwé ìpẹ̀jọ́ tuntun.

Ìbẹ̀rù kan wà tí mo gbà pé ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ń gbé ẹjọ́ kiri, àwọn lọ́yà alárékérekè yóò máa mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹjọ́ síbi tí kò yẹ láti fi àkókò ṣòfò, tàbí láti wá adájọ́ tó bá wọn lára mu. Irú wọn wà. Àwọn tí a jogún òfin lọ́dọ̀ wọn ti ro ìyẹn. Ní England, bí ẹjọ́ tó yẹ kó wà ní county court, kóòtù kékeré wọn, bá dé kóòtù gíga, abala 40 nínú òfin 1984 wọn ní kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, àfi bí ẹni tó gbé e wá bá mọ̀ tàbí tó yẹ kó mọ̀, ìgbà náà ni a lè wọ́gi lé e. Nínú ẹjọ́ Restick àti Crickmore, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọn tún là á pé kódà fún onítọ̀hún, wíwọ́gi lé e kì í ṣe dandan, owó ìtanràn lè tó o. Ní Amẹ́ríkà, láti 1982 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti ní kí kóòtù tí kò lágbára gbé ẹjọ́ lọ síbi tó yẹ bí ìyẹn bá bá ìdájọ́ òdodo mu, kí wọ́n sì kà á bí ẹni pé ọjọ́ tó wọ kóòtù àkọ́kọ́ ló wọ èkejì. Ẹ bu owó lé lọ́yà tó bá ṣe àrékérekè, kó ti àpò ara rẹ̀ jáde. Ẹ má bu ú lé opó.

Ibì kan wà tí n kò lè fi ariwo borí rẹ̀. Bí ilé bá wà ní Ṣágámù tí wọ́n gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, adájọ́ Èkó kò lè fi àṣẹ ránṣẹ́ sí adájọ́ Ògùn, kóòtù ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló dá dúró. Òfin ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo kò lè wo èyí sàn. Àwọn ìpínlẹ̀ ní láti jọ ṣe é, kí Ògùn sọ pé òun yóò gba ohun tí Èkó bá gbé wá, kí Èkó náà sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ohun tó ga jù. Òfin England kan ti 1892 ṣì wà títí dòní, tó gba ìwé àṣẹ ogún tí kóòtù Nàìjíríà fọwọ́ sí láyè láti gba òǹtẹ̀ ní London, kí àwọn ọmọ fi gba owó tí baba wọn fi sí báńkì níbẹ̀. Ìwé ogún wa ń sọdá òkun lábẹ́ òfin ayé Ọbabìnrin Victoria. Ẹjọ́ ogún wa kò lè ti iwájú ọjà dé ẹ̀yìn ọjà.

Ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá, abala òfin kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹ kọ ọ́ pé kóòtù kankan, ti ìbílẹ̀, ti májísíréètì tàbí kóòtù gíga, kò gbọdọ̀ wọ́gi lé ẹjọ́ ogún kìkì nítorí pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wá. Ẹ lo "gbọdọ̀," ẹ fi "lè" sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé akọ̀wé kóòtù ni yóò gbé fáìlì, láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, pé owó ìwọlé tí èèyàn ti san ti tó, àti pé àṣẹ tó ń ṣọ́ ogún kò ní kú lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin adájọ́ àgbà, kí wọ́n tó ṣòfin náà, ẹ lè fi ìwé ìtọ́nisọ́nà bẹ̀rẹ̀ níbi tí òfin tó wà nílẹ̀ bá ti gbà yín láyè.

Mo gba ọjà náà kọjá lóṣù tó kọjá. Wọ́n ti kun ilé alájà yẹn ní àwọ̀ tuntun, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo béèrè màmá lọ́wọ́ ẹni tó ń ta káàdì ìpè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó ní ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé. Fáìlì rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù ìbílẹ̀.